Ìrìn-Àjò Ọdẹ́yalé Lọ sí Ìlú Afohùnmọni

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé mi. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà dá ẹnu dúró díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, etí méjèèjì ló ń fẹ́. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo bá ẹfọ̀n jà lẹ́bàá odò tí ẹfọ̀n fi ìwo kan sílẹ̀ fún mi tó sá lọ. Èmi ni àwọn iwin orí àpáta máa ń kí ní “ẹ kú àtijọ́” bí mo bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́yalé ni, ọdẹ Àbà-Ìrókò, ẹni tó jù mí lọ nínú ìbọn yíyìn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ijó jíjó nìkan ni mo fi jù ú.

Yàtọ̀ sí ọdẹ ṣíṣe, ohun mìíràn wà tí wọ́n mọ Ọdẹ́yalé mọ́. Ó mọ ìtàn ènìyàn. Bí àwa yòókù bá ń ròyìn iwin olójú mẹ́rin, òun á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹ fi iwin sílẹ̀, ẹ wo ènìyàn. Ènìyàn ni àràmàǹdà.” Á wá sọ ti ọkùnrin kan tó jẹ́ pé bó bá ti gbójú sókè wo oòrùn, sísín ni yóò máa sín títí yóò fi wọ abẹ́ òrùlé. Á sọ ti àgbẹ̀ kan tí wọ́n gé lápá, tó ṣì ń jí láàárọ̀ tó ń wá ibi tí yóò ti họ ọwọ́ tí kò sí mọ́, nítorí ọwọ́ náà ń yún un. Á sọ ti ìyá arúgbó kan tó jẹ́ pé gbogbo orúkọ ló ní àwọ̀ létí rẹ̀. Bí o bá pe Àjàní, ó ní pupa bí epo ni òun rí. Òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ọdẹ́yalé kì í purọ́. Ẹ̀bi rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ tí àwa ọdẹ máa ń pàdé lọ́dọọdún, ó sọ, ó sọ, ìtàn tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan láàárín èrò ní, “Àbí ó ti parí ni?” Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ọdẹ́yalé lọ́kàn. Ẹni tí ayé ń yìn kì í fẹ́ kí ìyìn náà dá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí nǹkan kan mọ́, ló bá kó ti ilé ara rẹ̀ jáde. Ó ní, “Ìyàwó tí mo fẹ́, Ìbídùn, kò mọ ojú mi.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Ojú Ìbídùn mú ju tiwa lọ; ó lè rí àwòdì lókè réré, ó sì lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìpa ojú dé. Ṣùgbọ́n láti kékeré, ojú ènìyàn kì í dúró sí i lọ́kàn. Omi orí ewé kókò ni. Bó ti wù kó wò ọ́ pẹ́ tó, bí o bá ti yí ẹ̀yìn padà, ojú rẹ ti dà nù. Ohùn ló fi ń mọ ènìyàn, àti ìrìn, àti ikọ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí àfi ọkọ rẹ̀, ní oṣù tí wọ́n gbé e wọlé. Ó di ọrùn ọwọ́ ọkọ mú, ó bẹ̀ ẹ́ kí ayé má gbọ́.

Ayé gbọ́. Ọdẹ́yalé fi ọrùn ṣe bí Ìbídùn ti ń ṣe, bí ẹyẹlé tó ń wá ẹni tó pè é. Ó wú irú ikọ́ tí òun máa ń wú kí ìyàwó tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín títí tí ẹlòmíràn fi dùbúlẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Kújọrẹ́, aláwàdà tí kì í mọ ibi tí àwàdà ń parí sí. Ó kọ́ bí wọ́n ti ń wú ikọ́ náà títí ó fi mọ́ ọn lára. Lọ́jọ́ ọjà, ó rìn lọ bá Ìbídùn, ó wú ikọ́ náà, ó sì gba agbọ̀n orí rẹ̀. Ojú obìnrin náà tàn. Ó ní, “Baálé mi, ẹ ti dé? Àgbo inú rírun yín ti jinná, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má mu ún láìjẹun o.” Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùn dúró, kò yé e. Láàárín ẹ̀rín yẹn ló gbọ́ ẹ̀rín kan tó mọ̀. Ọdẹ́yalé wà níbẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti òpó, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Ìbídùn gba agbọ̀n rẹ̀ padà lọ́wọ́ Kújọrẹ́, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì rìn jáde kúrò lọ́jà.

Nígbà tí Ọdẹ́yalé délé, ààrò ti tutù. Wọ́n ti pọnmi kún àmù, wọ́n sì fi ìdérí bò ó. Àgbo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó jókòó tì í, kò lè mu ún. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó gbé ìbọn, ó tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ náà sì wọ Igbó Elétí lọ, igbó tí èmi pàápàá, pẹ̀lú gbogbo agbára mi, kì í wọ̀ bí kò bá nídìí.

Ẹ̀dá kan ló ń ṣọ́ ẹnu igbó yẹn. Etí ló kún gbogbo ara rẹ̀ bí olú ti ń kún ara igi tó ti kú, kò sì lẹ́nu lójú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà. Ó na ọwọ́ sí Ọdẹ́yalé, àtẹ́lẹwọ́ náà sì sọ̀rọ̀. “Kí ni ohun tí ènìyàn bò mọ́lẹ̀, tó jẹ́ pé bí ẹlòmíràn bá ṣí i, ẹni tó bò ó ni yóò wà níhòòhò?”

Ọdẹ́yalé fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Àlọ́ kì í le lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Àṣírí ni.”

“O gbà á,” ni àtẹ́lẹwọ́ náà wí. “Ti ta ni ìwọ ṣí?”

Ìdáhùn èyí kò le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò jáde. Ojú rẹ̀ gbóná bí ẹni tó yá iná.

Iwin náà sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ kejì lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e kúrò kíá. Ó ní, “Ó ń jó. Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀, n kò fọwọ́ kàn án rí. Ekùn pa ọmọ ọlọ́mọ jẹ, ojú rẹ̀ kì í gbóná. Àwa iwin ń ṣe ohun tó burú ju ìyẹn lọ, ojú wa tutù bí òkúta. Nínú gbogbo ẹ̀dá, ẹ̀yin nìkan ni ìtìjú ń jó lójú. Kọjá, mo fi èyí gbà ọ́ láàyè.” Ọdẹ́yalé kọjá. Kò ga bí ó ti ga nígbà tó dé.

Ìlú tó kọ́kọ́ bá lẹ́yìn igbó náà ni wọ́n ń pè ní Aláìmọrora. Àwọn ará ibẹ̀ kì í mọ ìrora láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Ẹ má rò pé ohun dídùn ni. Ọdẹ́yalé rí obìnrin kan tó ń fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò kúrò lórí iná, tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, tí awọ ọwọ́ rẹ̀ sì ń bó. Ó rí ọkùnrin tó ti fi eyín gé ètè ara rẹ̀ jẹ nígbà èwe, tí kò mọ̀ àfi ìgbà tí ìyá rẹ̀ ké. Nítorí náà, wọ́n ní àṣà kan. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, kálukú á jókòó ti ẹnì kejì rẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á ní, “Ẹ̀gún wà níbí. Ibí yìí ti jóná.” Bí ẹnì kan kò bá sọ fún ọ, ọgbẹ́ tí o kò mọ̀ lè pa ọ́.

Baálẹ̀ wọn, bàbá kan tí ìka rẹ̀ kò pé mọ́, sọ fún Ọdẹ́yalé pé, “Obìnrin kan kọjá níbí. Kò bìkítà fún ojú ẹnikẹ́ni, orúkọ ló ń béèrè. Ó bá wa yẹ ara wò. Ó rí ẹ̀gún tí àwa kò rí. Ìwọ náà, jókòó kí o ràn wá lọ́wọ́.”

Ọdẹ́yalé mú ọ̀bẹ kékeré, ó fẹ́ yọ ẹ̀gún kúrò ní gìgísẹ̀ ọkùnrin kan. Ọ̀bẹ yọ̀, ó gé e níka. Ẹ̀yin ènìyàn mi, Ọdẹ́yalé tó ń kun ẹfọ̀n bí ẹni tó ń ge iṣu, bó bá rí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ báyìí, ayé á ṣókùnkùn lójú rẹ̀. Ó wó lulẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gé nídìí. Nígbà tó lajú, gbogbo ìlú ti yí i ká. Baálẹ̀ bi í pé, “Ṣé báyìí ni ọdẹ ṣe ń sùn?”

Ó ní, “Ebi ni. N kò tíì jẹun láti àná.”

Bó ti sọ ọ́ tán ló rántí pé irọ́ yìí kì í ṣe tirẹ̀. Ìbídùn ló pa á fún un. Nígbàkígbà tó bá ṣẹlẹ̀ nílé, kí àwọn aládùúgbò tó dé, ìyàwó rẹ̀ á ti fi aṣọ wé ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, á gbé orí rẹ̀ lé itan, á ní, “Ẹ má bínú o, baálé mi kò tíì jẹun láti àná.” Ọdọọdún ló ń sọ ọ́. Kò sí ọdẹ kan tó fura. Èmi náà kò fura.

Baálẹ̀ yẹ Ọdẹ́yalé wò bí àṣà wọn. Ó ní, “Ojú ọgbẹ́ kékeré wà ní ìka rẹ. Ṣùgbọ́n mo ti yẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn wò láyé mi. Ìka kọ́ ló wó ọ lulẹ̀ báyìí.” Ọdẹ́yalé kò wo ojú rẹ̀ títí ó fi kúrò níbẹ̀.

Ìlú kejì ni Arántí. Wọn kì í gbàgbé ohunkóhun níbẹ̀. Bí o bá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ òjò kan nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á sọ ẹni tí iyọ̀ jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè rò pé ìbùkún ni. Opó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ọkọ rẹ̀ ń kú fún un lákọ̀tun. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wà tí wọ́n bú ara wọn nígbà èwe, tí èébú náà ṣì gbóná létí wọn bí ẹ̀bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ìkòkò jáde.

Ìtàn ni àlejò fi ń gba ibùsùn níbẹ̀. Ọdẹ́yalé ní òun kò ní ìtàn. Ọkùnrin kan tó ń bẹ iṣu gbójú sókè. Látúndé lorúkọ rẹ̀.

Ó ní, “Mo mọ ohùn yìí. Ọdẹ́yalé Àbà-Ìrókò ni ọ́. Mo wá ra ẹran ìgbẹ́ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ ìpàdé àwọn ọdẹ.” Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí Ọdẹ́yalé sọ lọ́jọ́ náà. Kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ó fi ọrùn ṣe bí ẹyẹlé níbi tí Ọdẹ́yalé ti fi ọrùn ṣe é. Ó wú ikọ́ náà. Níbi tí Ọdẹ́yalé ti dákẹ́ kí ẹ̀rín rọlẹ̀ kó tó fi òmíràn kún un, òun náà dákẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò rẹ́rìn-ín o. Kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Bó ti gbọ́ ọ ló ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń gbọ́, ohun tí wọ́n bá sì ti gbọ́, ó di tiwọn títí ayé.

Ọdẹ́yalé fi ọwọ́ bo etí. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀.”

“Àwa kì í gbàgbé,” ni Látúndé wí. “Ẹnu tó sọ ọ́ ìbá ti mọ bẹ́ẹ̀ kó tó là.”

Opó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fẹ̀yìn ti ògiri nítòsí. Ó ní, “Ọkọ Ìbídùn, mo fẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó ń bẹ̀ ọ́ kí ayé má gbọ́, kí ló sọ?”

Ọdẹ́yalé bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó rántí ọrùn ọwọ́ tí wọ́n dì mú. Ó rántí pé òjò ń rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ìyàwó rẹ̀, kò rí i. Àwàdà tó fi ṣe pé pérépéré lórí rẹ̀, ó lè sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀bẹ̀ náà ti dà nù. Omi orí ewé kókò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

Opó náà kò bá a wí. Ó nawọ́ sí ọ̀nà odò, ó ní, “Òdìkejì ni Afohùnmọni wà. Ibẹ̀ ló lọ.”

Ní Afohùnmọni, bí Ìbídùn ni gbogbo wọn rí. Kò sí ẹni tó ń fojú mọ ẹnì kejì. Òfin ìlú kò ju ọ̀kan lọ: sọ orúkọ rẹ kí o tó kí ènìyàn. Bí Ọdẹ́yalé ti ń wọ ìlú lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pàdé rẹ̀. “Èmi Àdùbí ni, mo ń ti oko bọ̀.” “Èmi Ṣówándé ni, ẹ kú ìrìn.” Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ó bá Ìbídùn lójúde ilé kan, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Obìnrin náà gbójú sókè, ó wo ojú ọkọ rẹ̀ tààrà. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀. Èmi Ìbídùn ni. Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀?”

Èrò kan wọlé sí Ọdẹ́yalé lọ́kàn: kí n má tíì sọ̀rọ̀, kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó dákẹ́. Ìbídùn gbé àpótí fún un, ó bu omi. Ó ní, “Bóyá ọ̀fun ló ń dùn yín. Ẹ sinmi.” Ó padà sídìí ẹ̀gúsí.

Bó ti ń ṣẹ́ ẹ ló ń sọ̀rọ̀, bí ènìyàn ti ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ó ní, “Mo lọ́kọ níbi tí mo ti ń bọ̀. Ọdẹ ni. Bó bá ń bọ̀ láti igbó, tó kí mi láti ẹ̀yìnkùlé, ara mi á balẹ̀. Ẹ wò ó, gbogbo ojú ayé rí bákan náà fún mi. Ohùn yẹn ni ilé mi.”

Ife ṣì wà lọ́wọ́ Ọdẹ́yalé. Ó gbé e sílẹ̀.

Ìbídùn kò gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ tún ń ṣe é, baálé mi.”

Ìbídùn tún ní, “Mo ti gbọ́ ẹsẹ̀ yín láti ìdí ọgbà. Láti ìgbà tí tàkúté ti mú ẹsẹ̀ òsì yín, ẹ máa ń wọ́ ọ díẹ̀. Mo ní kí n dúró ná. Kí n wò ó bóyá ẹ óò sọ orúkọ yín, àbí ẹ óò dúró níwájú mi bí Kújọrẹ́ ti dúró.”

Ọdẹ́yalé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú èèpo ẹ̀gúsí. Ó ní, “Ìbídùn, èmi ni.”

“Mo mọ̀.”

“Màá padà sílé. Màá dúró láàárín àwọn ọdẹ, màá sọ ti ẹ̀jẹ̀ fún wọn. Kí wọ́n fi èmi náà rẹ́rìn-ín.”

“Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀,” ni Ìbídùn wí. “N kò bò ó fún yín kí ẹ lè fi san nǹkan fún mi lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tí mo gbé e sí.”

Ọdẹ́yalé sọ fún mi nígbà tó yá pé nínú gbogbo ohun tójú òun rí lọ́nà, ibẹ̀ ló le jù. Òun ti rò pé ọrẹ ni òun gbé wá. Ó dìde, ó gbọn èèpo kúrò láṣọ, ó béèrè bóyá ìyàwó òun yóò bá òun relé. Ìbídùn ní rárá. Ó béèrè bóyá òun lè dúró. Ìbídùn ní ìlú kì í ṣe ti òun, kó lọ bi àwọn onílùú. Wọ́n fún un ní ahéré kan létí oko. Àràárọ̀ ló ń lọ sójúde ìyàwó rẹ̀, á ní, “Èmi Ọdẹ́yalé ni. Ẹ kú àárọ̀ o.” Ìbídùn á ní, “Mo gbọ́.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà ìkórè, gbogbo ìlú jókòó sábẹ́ igi lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, kálukú sì ń sọ ti ara rẹ̀. Àdùbí ní òun gbé ọmọ kan wálé láti odò rí, òun wẹ̀ ẹ́, òun fi òróró pa á lára, òun ń fún un lóúnjẹ, ni ọmọ náà bá ní, “Ẹ̀yin kọ́ ni ìyá mi.” Ṣówándé ní òun lọ kí ẹni tí bàbá rẹ̀ kú, òun sunkún dáadáa, ìgbà tí òun jẹun tán ni wọ́n tó sọ fún òun pé ìsọmọlórúkọ ni òun wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nu ojú.

Ìbídùn bá dìde. Ó gbọn ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó sọ ti ọjọ́ ọjà. Ó rìn bí Kújọrẹ́ ti rìn, pẹ̀lú àyà gbígbé sókè bí àkùkọ. Ó wú ikọ́ náà. Ó ṣe bí ojú òun fúnra rẹ̀ ti tàn, ó sì fi ohùn ìyàwó tuntun sọ pé, “Ẹ má mu ún láìjẹun o.” Àwọn ènìyàn di inú mú. Ṣówándé yí lulẹ̀. Kò sí ẹni tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí níbẹ̀, ẹ̀rín wọn kò sì ní oró. Ìbídùn náà ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọdẹ́yalé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹrí ba sórí agbọ̀n ẹ̀gúsí, ojú rẹ̀ ń jó. Ìtàn kan náà ni. Ikọ́ kan náà ni. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lè dùn báyìí láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ìbídùn kọjú sí ibi tí ọkọ rẹ̀ wà. Ó ní, “Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n sọ.” Ó padà sórí àga gbọọrọ tó jókòó sí tẹ́lẹ̀, ó sì sún díẹ̀, kí àyè lè wà.

Ọdẹ́yalé dìde láti ibi tó wà, ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì lọ jókòó tì í.

Ibẹ̀ ni mo bá wọn nígbà tí èmi náà wá a dé Afohùnmọni. Ẹ má bi mí bí mo ṣe kọjá lọ́dọ̀ iwin elétí. Ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú rẹ̀ dùn ju èyí lọ, kì í sì í ṣe tòní. Mo ní kí Ọdẹ́yalé sọ ìtàn ènìyàn kan fún mi bí ti àtijọ́. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Lọ bi Ìbídùn. Òun ló ni ín.” Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà, èmi tí wọ́n bí ládùúgbò kan náà pẹ̀lú rẹ̀, mo sọ orúkọ mi. Ó ní kí n máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má yọ ibi tí òun ti rẹ́rìn-ín kúrò. Ní ti ẹ̀jẹ̀, mo bi àwọn méjèèjì pọ̀. Ìbídùn mi orí sí ọkọ rẹ̀ pé kò burú, ọkọ rẹ̀ sì ní kí n sọ ọ́.

Mo ti sọ ọ́ bí wọ́n ti fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e délé, kó gbé gbogbo rẹ̀.